Ọ̀ta, Ọ̀pẹ àti Káàdì Orí Fóònù: Níbo Ni Póòkà Wà Láàárín Ayò àti Tẹ́tẹ́?



Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní yunifásítì, tó ti di olùkọ́ báyìí ní agbègbè Ìfọ́n, kọ̀wé sí mi lóṣù tó kọjá. Ó ní àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ládùúgbò òun ò ra nọ́ńbà mọ́, wọn ò sì fẹ́ gbọ́ tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù sétí. Ìdíje póòkà ni wọ́n ń wọ̀ lórí fóònù, láti alẹ́ di ìdájí. Bí àwọn òbí bá bá wọn wí, èsì wọn ò ju ọ̀kan lọ: "Èyí kì í ṣe tẹ́tẹ́, ọpọlọ la fi ń ta á." Ó wá bi mí pé, Prof, ṣé òótọ́ ni wọ́n ń sọ àbí wọ́n ń tan ara wọn?

Ìbéèrè gidi ni, torí owó ilé-ìwé àti owó oúnjẹ ló wà nídìí rẹ̀. Mi ò lè fi bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́ dá a lóhùn. Òpìtàn ni mí, ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni kí n padà sẹ́yìn díẹ̀ ná, kí n tó sọ ibi tí mo dúró sí. Ẹ fara balẹ̀ bá mi ká lọ.

Kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè. Yorùbá a máa ta ayò, a sì máa ta tẹ́tẹ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni. Ẹni tó bá borí nínú méjèèjì, a ní ó jẹ. Tó bá ṣe pé gírámà ló ń dá ẹjọ́ ni, ọmọ ìyá ni wọn ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí a ṣe ń kí àwọn tó ń ta wọ́n. Ẹni tó bá ń kọjá lọ lọ́dọ̀ àwọn aláyò á ní, "Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ." Wọ́n á dá a lóhùn pé, "Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ ò gbọdọ̀ fọhùn." Ọ̀ta ni ẹni tó mọ ayò í ta, ọ̀pẹ ni ẹni tí wọ́n ń jẹ ṣáá. Oyè ni méjèèjì: ìwúrí wà nínú ọ̀kan, ẹ̀fẹ̀ wà nínú èkejì. Tẹ́tẹ́ ńkọ́? Mi ò tíì dé ibi tí wọ́n ti ń kí atatẹ́tẹ́ rí. Tí wọ́n bá pe ọmọ ní atatẹ́tẹ́, ìyá rẹ̀ á ti máa wá ibi tó máa fojú sí.

Kí ló fa ìyàtọ̀ yìí? Kì í ṣe owó, torí àwọn kan ń fi owó ta ayò, ẹmu tàbí ọtí a sì máa wà lórí rẹ̀ nígbà mìíràn. Ohun tó fà á ni pé kò sí ohun tó pamọ́ nínú ayò. Ọpọ́n ní ojú méjìlá, mẹ́fà níwájú tèmi, mẹ́fà níwájú tìrẹ. Ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin ló wà nínú ojú kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 48. Ohun tí mo rí ni ìwọ náà rí. Ibi tí ọmọ tó kẹ́yìn lọ́wọ́ mi bá bọ́ sí lọ́dọ̀ rẹ, tó bá pé méjì tàbí mẹ́ta, mo jẹ ẹ́. Tí o bá kó mi jẹ, ìwọ lo ṣe é. N ò lè ní orí mi ò gbè mí lónìí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta dáadáa a máa kó ọmọ jọ sí ojú kan títí á fi di odù, á wá máa dọ́gbọ́n fa eré gùn títí ọmọ ọwọ́ ẹnìkejì á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kó tó tú odù rẹ̀ ká. Sùúrù àti ìṣirò ni, pẹ̀lú mímọ ìṣesí ẹni tó jókòó síwájú rẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àwọn mẹ́ta yìí sọ́kàn, a ó tún bá wọn pàdé.

Tẹ́tẹ́ ìgbà ìwáṣẹ̀ yàtọ̀. Owó ẹyọ ni wọ́n ń jù sílẹ̀, bó ṣe dojú délẹ̀ tàbí bó ṣe ṣíjú sókè ló ń sọ ẹni tó jẹ. Kò sí ọ̀ta níbẹ̀, kò sí ọ̀pẹ. Orí ẹni nìkan ló ń jà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pe irú ire bẹ́ẹ̀ ní oríire. Ìpalára rẹ̀ sì ti pẹ́ nílẹ̀. Willem Bosman, oníṣòwò ará Netherlands kan tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1704, kọ̀wé nípa àwọn ará Ouidah (ní Benin ti Cotonou o, kì í ṣe ti Ọba Ẹdó) pé wọ́n fẹ́ràn tẹ́tẹ́ débi pé tí owó àti ẹrù bá tán, ìyàwó àti ọmọ ló kàn, lẹ́yìn náà ara wọn gan-an. Oníṣòwò ẹrú ni Bosman, ẹ̀rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń gbé mì láìjẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ bí ètò ìwọ̀fà ṣe rí nílẹ̀ Yorùbá kò ní yà á lẹ́nu pé gbèsè kan lè sọ ọmọ ẹni di ẹni tó ń lọ sin olówó.

Jẹ́ kí n fo ìgbà pípẹ́ kọjá, ká dé ìgbà tí èmi fúnra mi fojú rí. Ní 1923 ni John Moores àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì dá Littlewoods sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń pín fọ́ọ̀mù tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù fáwọn òǹwòran. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1960, pools ti wọ ìlú wa. Mo mọ àwọn bàbá ní Ọ̀wọ̀ tí wọn ò mọ ọ̀nà Èkó dáadáa, ṣùgbọ́n tí wọ́n lè ka orúkọ Partick Thistle àti Queen of the South bí ẹni ń ka oríkì. Tí bọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì bá wọ ìsinmi, ti Australia dé. Wọ́n á mú bírò, wọ́n á fa ìlà sórí ìwé, wọ́n á ní àwọn ń "ṣe research". Àwọn pẹ̀lú sọ pé ọpọlọ ni. Nígbà tí owó kòkó bá wọlé, àwọn èjẹ́ńtì pools náà á rẹ́rìn-ín.

Kàlòkàlò ló tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ tó ń gbé kọ́bọ̀ mì. Ìjọba ológun Ọbásanjọ́ ṣòfin tó fòfin de àwọn ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ ní 1977. Ọbásanjọ́ yìí kan náà ló wà lórí àlééfà nígbà tí National Lottery Act jáde ní 2005. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ rí i bí ojú tí ìjọba fi ń wo nǹkan ṣe ń yí padà tó bá rí i pé owó orí lè jáde níbẹ̀.

Ní ti lọ́tò tí gbogbo ayé ń pè ní Baba Ìjẹ̀bú, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, torí ìṣirò yìí ni a ó fi wọn póòkà. Nọ́ńbà 90 ló wà, márùn-ún ló ń jáde. Ẹni tó bá ta "two sure" mú nọ́ńbà méjì. Ọ̀nà tí a lè gbà mú méjì nínú 90 jẹ́ 4,005; mẹ́wàá péré nínú wọn ló máa ń wọlé nínú ìdíje kan. Ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀kan nínú bí irínwó ìgbà lo máa jẹ. Tó o bá jẹ, ìlọ́po 240 ni wọ́n ń san. Ẹni tó bá ta ₦100 nígbà irínwó ti ná ₦40,000. Ohun tí á padà sọ́wọ́ rẹ̀, tí orí bá ṣe déédéé, jẹ́ ₦24,000. Kò sí àlá tí a lá, kò sí nọ́ńbà tí wòlíì rí, tó lè yí 240 padà sí 400. Tẹ́tẹ́ ni, ó parí.

Póòkà ò rí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di rannto. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló dá a sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ní New Orleans àti nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sókè-sódò lórí odò Mississippi. Irú èyí tí àwọn ọmọ wa ń ta, Texas Hold'em, bẹ̀rẹ̀ ní Texas ní ọ̀rúndún ogún. Ní 1970 ni Benny Binion kó àwọn ògbóǹtarìgì jọ sí ilé tẹ́tẹ́ rẹ̀ ní Las Vegas, tó pe é ní World Series of Poker. Ní 1998, póòkà olówó gidi bẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2003, akáwó-ṣírò kan láti Tennessee tó ń jẹ́ Chris Moneymaker (orúkọ rẹ̀ gan-an nìyẹn o, kò yí i padà) wọ ìdíje kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú owó tí kò tó 100 dọ́là. Ó jẹ ẹ́, ó fi gba àyè sí ìdíje ńlá tí owó ìwọlé rẹ̀ jẹ́ 10,000 dọ́là, ó sì na àwọn 838 yòókù. Mílíọ̀nù méjì àtààbọ̀ dọ́là ló gbé lọ sílé. Lọ́dún 2006, ẹni 8,773 ló wọ ìdíje náà. Ìtàn ọkùnrin yìí ni wọ́n ṣì ń sọ fún àwọn ọmọ wa. Wọn kì í sọ ìtàn àwọn 838 yẹn.

Ẹ wá jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ta á, torí ẹni tí kò bá mọ inú eré ò lè dá ẹjọ́ rẹ̀. (Àwọn tó jẹ́ pé Whot nìkan ni káàdì tí wọ́n mọ̀, ẹ má bínú. Ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe Whot pàápàá, ní àwọn ọdún 1930, àwa la sọ ọ́ di tiwa.)

Wọ́n á fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní káàdì méjì tí òun nìkan rí. Lẹ́yìn náà, káàdì márùn-ún á jáde sójú táyé, mẹ́ta lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀kan, lẹ́yìn náà ọ̀kan sí i. Kí ìpele kọ̀ọ̀kan tó kọjá, ẹ lè fi owó lélẹ̀, ẹ lè san èyí tí ẹlòmíràn fi lélẹ̀, ẹ sì lè da káàdì yín nù. Nínú ìdíje, ẹ̀ẹ̀kan lo máa sanwó ìwọlé. Wọ́n á fún ọ ní chips, èyí tí kì í ṣe owó. Tó bá tán lọ́wọ́ rẹ, o ti jáde. Àwọn méjì kan gbọ́dọ̀ fi iye kan sílẹ̀ tipátipá kí wọ́n tó pín káàdì, wọ́n ń pè é ní blind, iye yìí sì ń lọ sókè bí àkókò ṣe ń lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá jókòó lásán máa kú díẹ̀díẹ̀.

Níbi tí ọpọlọ ti kọ́kọ́ wọlé ni ipò ìjókòó. Ẹni tó máa sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn ti gbọ́ ti gbogbo ènìyàn kó tó pinnu, àǹfààní rẹ̀ pọ̀. Káàdì tí ọ̀ta á dà nù tó bá jẹ́ òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó lè fi jagun tó bá jẹ́ òun ló kẹ́yìn. Àwọn àgbà wa tó jẹ́ pé àwọn ló ń sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn nínú ìgbìmọ̀ mọ èyí tipẹ́.

Èkejì ni ìṣirò. Ká ní káàdì mẹ́rin tó jọ irú kan náà wà níwájú mi, ọ̀kan péré ló kù kó pé márùn-ún, káàdì kan péré ló sì kù tó máa jáde. Mo ti rí káàdì mẹ́fà. 46 ló kù tí n ò rí, mẹ́sàn-án nínú wọn ló wúlò fún mi. Ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà márùn-ún nìyẹn, ká má déènà pẹnu. Tí wọ́n bá ní kí n san chips 1,000 kí n lè jẹ 4,000 tó wà nílẹ̀, mi ò jèrè mi ò pàdánù: màá pàdánù 1,000 lẹ́ẹ̀mẹrin, màá jẹ 4,000 lẹ́ẹ̀kan. Tó bá jẹ́ 6,000 ló wà nílẹ̀, kí n san. Tó bá jẹ́ 2,000, kí n dìde. Ọ̀pẹ kì í ṣírò rẹ̀. Á ní ọkàn òun sọ fún òun pé káàdì yẹn ń bọ̀.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó fi ìdíje yàtọ̀ sí póòkà lásán, ó sì dùn mọ́ mi jù. Chips tó o bá pàdánù níye lórí ju èyí tó o bá jẹ lọ. Ẹ wo irú ìdíje tí Moneymaker fi wọlé, níbi tí ẹ̀bùn ti jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì. Ká ní tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá ló wà, ẹni mọ́kànlá ló kù. Ẹni tí chips rẹ̀ ga bí òkè àti ẹni tí tirẹ̀ kù díẹ̀ kó tán, tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ni wọ́n máa gbà. Nígbà náà, tí chips rẹ bá ti tó láti dúró de kí ẹnì kan jáde, tí wọ́n sì fún ọ ní ace méjì, káàdì tó dára jù lọ, èyí tó ń wá lẹ́ẹ̀kan péré nínú 221, tí ẹni tó lágbára jù lọ sì ti gbogbo chips rẹ̀ síwájú, kí o dà á nù. Bẹ́ẹ̀ ni. Torí ace méjì pàápàá ń pàdánù bí ẹ̀ẹ̀kan nínú márùn-ún tí ẹnìkejì bá ní káàdì méjì tó bára mu. Kí lo fẹ́ fi jẹ sí i? Ẹni tí oúnjẹ ti dé iwájú rẹ̀ kì í tún lọ gun ọ̀pẹ. Ọ̀dọ́ tó bá lè da ace méjì nù lóru, láìsí ẹni tó ń wò ó, ó ti ní sùúrù tí ọ̀pọ̀ nínú àwa olóyè-ẹ̀kọ́ ò ní.

Tí chips bá wá kéré, bíi kó má ju ìlọ́po mẹ́wàá blind lọ, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Kò sí ìlàkàlàkà mọ́: kí o ti gbogbo rẹ̀ síwájú tàbí kí o da káàdì nù. Ẹni tó ń san díẹ̀díẹ̀ nígbà náà ń fi ẹran ara rẹ̀ tọ́ ajá ẹlòmíràn. Bí o bá ti gbogbo rẹ̀ síwájú, ọ̀nà méjì lo lè gbà jẹ: kí ẹ̀rù ba àwọn yòókù, tàbí kí káàdì rẹ borí. Èyí ni wọ́n ń pè ní hàlẹ̀ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Hàlẹ̀ asán ni ti ọmọdé tí kò ronú sí ìtàn tí òun ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti da káàdì nù fún wákàtí kan gbáko ni wọ́n máa gbà gbọ́ tó bá sọ pé òun ní káàdì.

Sùúrù, ìṣirò, mímọ ìṣesí ẹnìkejì. Ẹ ti rí i pé àwọn mẹ́ta tó wà nínú ayò náà ti padà. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, irọ́ kọ́ làwọn ọmọ yín ń pa. Ní 2012, Adájọ́ Jack Weinstein ti New York gbọ́ ẹ̀rí àwọn onímọ̀ ìṣirò, ó sì dájọ́ pé ọgbọ́n ló pọ̀ jù nínú póòkà. Ilé-ẹjọ́ tó ga ju tirẹ̀ lọ yí ìdájọ́ náà padà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n nítorí bí wọ́n ṣe ka òfin ni, kì í ṣe pé wọ́n ní kò sí ọgbọ́n níbẹ̀. Ní oṣù kìíní 2017, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Libratus, iṣẹ́ ọwọ́ Tuomas Sandholm àti Noam Brown ní Carnegie Mellon, na ògbóǹtarìgì mẹ́rin nínú eré 120,000. Ẹ̀rọ ò lè fi ọgbọ́n na ẹnikẹ́ni nínú lọ́tò. Tó bá jẹ́ oríire nìkan ni, kò sóhun tí Libratus ì bá kọ́.

Ní ti ayò, ẹ gbọ́ eléyìí. Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ní Amsterdam fi kọ̀ǹpútà yanjú àwàrí, ìbejì ayò tí wọ́n ń ta ní Ghana àti káàkiri, ọmọ 48 lòun náà ń lò. Wọ́n yẹ ipò tó lé ní bílíọ̀nù 889 wò. Ohun tí wọ́n rí ni pé tí ẹni méjèèjì ò bá ṣe àṣìṣe rárá, ọ̀mì ni. Ẹ ronú sí i: nínú ayò, ẹni tó pé ò lè pàdánù. Nínú póòkà, ẹni tó pé lè pàdánù lónìí, lọ́la, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, torí káàdì ló ń pín ara rẹ̀. Scrabble náà rí bẹ́ẹ̀ díẹ̀, inú àpò ni lẹ́tà ti ń jáde. Síbẹ̀ nígbà tí Wellington Jighere gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní Perth ní 2015, kò sẹ́ni tó pè é ní atatẹ́tẹ́. Oríire wà níbẹ̀, ọgbọ́n sì ń borí oríire bí eré bá ti ń pọ̀.

Bí eré bá ti ń pọ̀: gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ dúró lé. Nínú ìdíje póòkà, èyí tó pọ̀ jù nínú owó wà lọ́dọ̀ àwọn díẹ̀ tó bá gbẹ̀yìn. Nínú ẹgbẹ̀rún ènìyàn, bí 150 ló máa ń gba nǹkan, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì ní gbà ju owó ìwọlé wọn pẹ̀lú èlé díẹ̀ lọ. Nítorí náà, ọ̀ta gidi lè wọ ìdíje ọgọ́rùn-ún láìrí ohun tó jọjú. Àwọn tó ń ta á bí iṣẹ́ mọ èyí; ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé kí ènìyàn ní owó ìwọlé ìdíje ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, lọ́wọ́, kí ó sì jẹ́ owó tí kò ní ṣe nǹkan mìíràn. Àwọn tó ni ìkànnì náà sì ń mú tiwọn ṣáájú: nínú dọ́là mọ́kànlá, mẹ́wàá ló ń lọ sínú ẹ̀bùn, ọ̀kan dọwọ́ wọn. Ọ̀ta gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ na ìdá yẹn kó tó na ènìyàn.

Ẹ wá gbé e wá sí Ọ̀wọ̀. Kí Báńkì Àpapọ̀ tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, dọ́là mẹ́wàá ò tó ₦5,000 ní iye tí ìjọba kéde. Ní 2024, ó ti sún mọ́ ₦15,000. Ìdíje ọgọ́rùn-ún ní dọ́là mẹ́wàá-mẹ́wàá wá di mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ náírà. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún náà jẹ́ ₦70,000. Òṣìṣẹ́ tí kò jẹun, tí kò wọ ọkọ̀, tí kò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sílé, máa kó owó oṣù mọ́kànlélógún jọ kó tó lè ní ohun tí àwọn oníṣẹ́ póòkà ń pè ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó wà ní Ìpèlé tàbí Ìdógùn, tó ní owó ìdíje márùn-ún lọ́wọ́, tó yá méjì nínú rẹ̀, ìyẹn ò ní pẹ́ tó lórí tábìlì fún ọgbọ́n rẹ̀ láti sọ̀rọ̀. Kó tó di pé ọpọlọ ṣiṣẹ́, owó ti tán. Eré tí ọkùnrin kan ní Toronto ń ta bí ayò, lójú ẹni tí kò lówó tó láti dúró, owó ẹyọ tí wọ́n jù sílẹ̀ ni. Èdè àìyedè tó wà láàárín àwọn òbí àti àwọn ọmọ nìyí, lójú tèmi: àwọn ọmọ ń sọ nípa eré náà, àwọn òbí ń sọ nípa àpò. Àwọn méjèèjì jàre.

Ọ̀rọ̀ kan kù, ti òfin. Òfin ìwà ọ̀daràn tí ìjọba amúnisìn gbé kalẹ̀ ní 1916, tó ṣì ń ṣiṣẹ́ níhà gúúsù, fi ìyàtọ̀ sáàárín eré ọgbọ́n àti eré oríire, ó sì dojú ìjà kọ èyí ìkẹyìn. Ẹ̀yìn náà ni òfin 2005 dé, tó fi ìwé-àṣẹ lọ́tìrì sọ́wọ́ Abuja. Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìjọba àpapọ̀ lọ sílé-ẹjọ́ ní 2008. Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣòfin lórí lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́ fún àwọn ìpínlẹ̀. Wọ́n wọ́gi lé òfin 2005. Ìyẹn ni pé àwọn tó wà ní Àkúrẹ́ ló máa sọ ohun tí póòkà jẹ́ fún ọmọ Ọ̀wọ̀ àti ọmọ Ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀rù ohun kan ló ń bà mí. Tí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ ọgbọ́n àti oríire nìkan díwọ̀n rẹ̀, àwọn onílé-iṣẹ́ á kó ẹ̀rí Weinstein àti Libratus wá, wọ́n á sì jàre. Bí ó ṣe yẹ kí wọ́n bi ìbéèrè náà ni pé èló ni ọmọ kan lè pàdánù láàárín oṣù kan kí ẹnikẹ́ni tó dá a dúró, ta ló sì ń rí i pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ò fi fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé. Ìkànnì tó wà lókè òkun ò ní dá aṣòfin Àkúrẹ́ lóhùn. Ilé ìfowópamọ́ tó ń gbé owó náà kọjá ni ọwọ́ lè tó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti di lọ́yà nínú àwọn ọmọ mi, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nítòsí Ilé Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí àbá òfin kan bá ti wà nílẹ̀ lórí èyí, ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí mi. Màá kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, màá sì fi bírò pupa sí i bí mo ṣe máa ń ṣe.